Ọmọ Ọsàn Lórí Ilẹ̀ Ìṣákọ́lẹ̀

Àwọn ọmọ náà sáré kọjá lára Mojí bí ẹni pé òpó iná ló dúró síbẹ̀. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì, ó ti la ẹnu láti kí wọn káàbọ̀ sí oko, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò tíì dúró tán tí wọ́n ti ń bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń pariwo orúkọ kan ṣoṣo.

“Ìyá Kifayah! Ìyá Kifayah o!”

Mùjíbátù yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, ẹ̀rín sì ti gba gbogbo ojú rẹ̀ kan. Wọ́n dì mọ́ ọn níwájú, wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wọn. Àárín wọn ni Leah wà, ọmọ tí Mojí fúnra rẹ̀ bí, tó ń gbé inú oko náà lójoojúmọ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀kọ tán lọ́wọ́ Mùjíbátù. Kí ló wá ń sáré fún?

“Ẹ rọra o, ẹ ó gbé mi ṣubú,” Mùjíbátù ń wí. “Ta nìyí? Olúwaṣìkẹ́mi! Eyín rẹ ti hù padà!”

Mojí ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó fi ẹ̀rín sí ojú nítorí àwọn olùkọ́ tó tẹ̀lé àwọn ọmọ náà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin oko sí wọn létí. Ó ń jowú. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pe nǹkan náà tí kò ní jẹ́ irọ́.

Oko Ẹ̀kọ́ náà wà ní Abà Ìdí-Ìrá, ìtòsí Ìrókò. Dókítà Olúwadọ̀tun, tó fi ìgboro Ìbàdàn ṣe ibùgbé, ló gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, lọ́yà sì bá a kọ ìwé àdéhùn tó nípọn. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ ìgboro, tí wọ́n rò pé inú ọ̀rá ni ìrẹsì ti ń hù, wá fi ọwọ́ ara wọn kan ilẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọn a wá gbin àgbàdo. Bí àgbàdo bá gbó, wọn a tún padà wá yan án jẹ. Ìgbà iṣu tuntun ni ti àwọn ilé-ìwé ńláńlá, nítorí àwọn òbí ibẹ̀ fẹ́ràn àwòrán ọmọ tó gbé iṣu lérí. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko gbẹ, àwọn àgùnbánirọ̀ àtàwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó a wá tún ọgbà ṣe, wọn a kọ ebè de ọdún tó ń bọ̀.

Mojí ló ń darí gbogbo rẹ̀. Ó kàwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ọmọ Ìrókò ni, inú ẹbí onílẹ̀ náà gan-an ni wọ́n sì ti bí bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́táàkọ́ọ̀tù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, nítorí náà òun àti Leah nìkan ló ń gbé ilé alámòójútó.

Mùjíbátù ní tirẹ̀, opó ni. Ìgbòho ni òun àti Sàníù ọkọ rẹ̀ ti wá. Sàníù ń ṣọ́ oko náà lóru, ó ń dá oko tirẹ̀ lọ́sàn-án, títí ìtọ̀ ṣúgà fi mú un lọ, ó sì fi Kifayah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí opó náà máa se oúnjẹ fún àwọn àlejò. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan tí Mojí kò mọ̀. Bí ọmọ bá bi í pé kí ló dé tí ewé fi ń pọ́n, yóò ní Ọlọ́run ló ń pọ́n ọn, ó parí. Ohun tó ní ni pé kì í kánjú. Bí ọmọ bá ṣubú, á jókòó ti ọmọ náà sílẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lórúnkún, á sì bú ilẹ̀ tó gbé e ṣubú. Mojí kì í ráyè jókòó sílẹ̀.

Ká ní ti àwọn ọmọ ìgboro nìkan ni, ì bá mú un mọ́ra. Àlejò ni wọ́n, wọn á lọ. Ti Leah ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Mojí ra rìbọ́ọ̀nù pupa, ó ṣèlérí fún Leah pé àwọn ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Mọ́níyà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti ń fọkàn yàwòrán bí àwọn méjèèjì yóò ṣe jókòó pọ̀ nínú mótò, tí wọn yóò máa jẹ gúgúrú bọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Leah wọlé pẹ̀lú ṣùkú lórí, ó dán, ó sì fínjú.

“Ta ló di irun fún ẹ?”

“Ìyá Kifayah ni, Mọ́mì. Wọ́n ń dirí fún Kifayah, wọ́n ní kí èmi náà wá jókòó. Ṣó dáa?”

Mojí mú ìlàrun, ó tú gbogbo rẹ̀, kò sì rọra. Leah ń sunkún, ó ń bi í pé kí lòun ṣe. Ẹkún náà ló gbé Mùjíbátù dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò tó o lọ́jọ́ orí.

“Ẹ má bínú, Ìyá Leah. Mo rò pé mò ń dín iṣẹ́ yín kù ni. Ẹ bá mi fọwọ́ wọ́nú.”

“Ìyá Kifayah, ẹ ní ọmọ tiyín. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Wọn kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni fúnra rẹ̀ ló lọ ń gba ìlẹ̀kẹ̀ níta.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà lo ọjọ́ díẹ̀ lóko. Ọjọ́ tí wọn yóò lọ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, Mùjíbátù sì ti bá mótò àárọ̀ gbé ata àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ sí Ṣáṣá. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin igi ọsàn kan sí apá ìsàlẹ̀ oko, kí a sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí gbogbo wọn gbìn tán, ọmọ ọsàn díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ wọn. Leah àti Sanmí, àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n bí sí Èkó, wá bá Mojí pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ẹrẹ̀.

“Mọ́mì, gbogbo wa ti fẹnu kò. A fẹ́ gbin ìyókù sí ẹ̀yìn ilé Ìyá Kifayah. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á kàn rí i ni!”

“Àwọn ọmọ ló rò ó, Àǹtí,” Sanmí wí. “Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dúpẹ́ oúnjẹ. Orí mi wú nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ṣé kò sí wàhálà?”

Wàhálà wà, Mojí sì mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ tí Mùjíbátù ń gbé, tó sì ń dá oko sí, kò sí nínú ilẹ̀ Dókítà. Alhaji Roheem, olórí ẹbí onílẹ̀, ló fún Sàníù láyè kó máa rí nǹkan jẹ níbẹ̀, kó sì máa gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún. Kò sí ìwé kankan. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó dàgbà ní agbègbè Ìrókò tí kò mọ̀ ọ́n: àlejò lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ohun tí yóò kórè lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó gbin igi ló ni igi, igi sì ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ènìyàn lọ. Àlejò tó bá gbin obì tàbí ọsàn ti sọ lójú onílẹ̀ pé òun kò lọ mọ́, pé ọmọ òun ni yóò jogún ibẹ̀. Bàbá bàbá Mojí ti tìtorí igi obì kan lé odidi agbo ilé kan rí. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín nígbà tí òun wà ní kékeré.

Ó ti fẹ́ sọ pé rárá. Ìgbà náà gan-an ni Leah fò sókè.

“Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo fẹ́ gbin tèmi sí, kí n lè máa rí i tí mo bá ń jẹun lọ́dọ̀ wọn!”

“Kò sí wàhálà,” Mojí wí. “Ẹ lọ gbìn ín.”

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èrò náà kì í ṣáà ṣe ti òun, pé ó ti sú òun láti máa jẹ́ ẹni tí ń sọ pé rárá nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pín àkàrà. Kò sì lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín.

Mùjíbátù dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, agbọ̀n rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ yá. Àwọn ọmọ náà bò ó lójú, wọ́n ń tì í lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ń rín ẹ̀rín mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ṣí ọwọ́, ó rí àwọn ọmọ ọsàn tó tò láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ìdí balùwẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù nídìí wọn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí bí ojú ẹni tó bá ejò nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó súre fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń juwọ́ títí bọ́ọ̀sì fi gun òkè lọ. Bí bọ́ọ̀sì ti kúrò lójú rẹ̀ báyìí, ó wọlé lọ mú ọkọ́.

Igbe Leah ni Mojí gbọ́.

“Ẹ má hú tèmi, Ìyá Kifayah! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú tèmi!”

Nígbà tí Mojí débẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ Mùjíbátù.

“Ìyá Leah, ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe èyí? Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀?”

“Ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ yẹ́ yín sí ni.”

“Mo mọ̀. Ọlọ́run á bùkún wọn. Ṣùgbọ́n Alhaji Roheem kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n kìlọ̀ ọ̀rọ̀ igi fún Sàníù lójú mi kí wọ́n tó fún wa níbi tí a ó kọ ebè sí. Bí wọ́n bá rí èyí, ibo ni kí n kó Kifayah lọ?”

Leah ti dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ báyìí, ó gbé ojú tó kún fún omijé sókè sí i, ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìgbóná ara rẹ̀ wọ Mojí lára, inú rẹ̀ sì yọ́.

“Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Kifayah,” ó wí. “Ilé-ìwé náà á padà wá nígbà àgbàdo. Bí wọn ò bá rí igi wọn, kí la fẹ́ sọ fún wọn? Èmi fúnra mi á bá Alhaji sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn ni mo jẹ́, wọn ò ní kọ̀ sí mi lẹ́nu.”

“Ṣé ẹ máa sọ ọ́ lóòótọ́?”

“Mo ní mo máa sọ ọ́.”

Mùjíbátù sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí Mojí fi ní kó dìde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni Leah sùn sí.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Àwọn ọmọ ọsàn náà yọ ewé tuntun, wọ́n ń gbèrú. Bí Mùjíbátù bá ti gbé oúnjẹ àlejò dé, á rọra bèèrè pé, “Ìyá Leah, ẹ ti rí Alhaji?” Mojí á ní òun kò bá wọn nílé, tàbí pé wọ́n lọ sí ìgboro. Kò kúkú purọ́ lọ́jọ́ kìíní. Òótọ́ ni kò bá wọn nílé. Nígbà tí àgbàdo gbó, àwọn ọmọ náà padà wá, wọ́n yan án jẹ, wọ́n sì lọ ń fi ara wọn wé igi tí wọ́n gbìn, ta ló ga jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Mojí pinnu pé òun ó lọ bá bàbá náà sọ ọ́, kí ọkàn òun balẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ibà dá Leah dùbúlẹ̀. Mojí fi aṣọ tútù nù ún lára, ó fún un lóògùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ náà la ojú tó pọ́n, ó wò yíká yàrá.

“Ìyá Kifayah dà?”

“Èmi nìyí, Leah. Mọ́mì nìyí.”

“Ẹ bá mi pe Ìyá Kifayah.”

Ó pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀, ó ń wo obìnrin náà bó ṣe gbé orí ọmọ òun lé itan, tó ń fọwọ́ pa á nírun, tó sì ń pa àlọ́ kan tí kò lórí, tí kò nídìí. Leah sùn lọ fọnfọn. Mojí rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí obìnrin yìí bá lè kúrò níbí, bí ó bá lè kúrò lásán, láìsí ìjà, láìsí ikú, ọmọ òun á padà sọ́dọ̀ òun. Ó bẹ̀rù èrò náà, ṣùgbọ́n kò lé e lọ.

Lọ́sàn-án, ó pàdé Alhaji Roheem ní oríta, wọ́n ń ti Jímọ̀ bọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà mìíràn.

“Mojí, ṣé dáadáa lo wà? Wọ́n ní o wá mi wálé lọ́jọ́sí. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá. Mo kàn ní kí n kí yín ni.”

Iṣu tuntun ló tú u síta. Ammar, ọmọ Alhaji, ló ń bá àwọn ará Ìbàdàn wá ilẹ̀ ilé kiri lágbègbè náà, nítorí ìgboro ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ó mú ẹnìkan wá wo ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó kọjá lẹ́yìn ilé Mùjíbátù, ó sì rí igi. Kò sọ nǹkan kan síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, tí Mùjíbátù ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Alhaji, wọn kò gbà á lórí rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì jókòó.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mojí. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji, Leah ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó di ọwọ́ Mùjíbátù mú.

“Mùjíbátù,” Alhaji wí, ohùn wọn kò le, “ṣé mo fún ọkọ rẹ níbi tí yóò ti máa jẹun àbí mi ò fún un?”

“Ẹ fún un, Alhaji. A dúpẹ́.”

“Kí ni mo ní kó má gbìn?”

“Igi ni, sà.”

“Kí ló wà lẹ́yìn ilé rẹ?”

Mùjíbátù ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọjà Ṣáṣá, àwọn ọmọ, bí òun ṣe mú ọkọ́, bí wọ́n ṣe ní kí òun fi sílẹ̀. Ammar bú sẹ́rìn-ín.

“Ọmọ ilé-ìwé! Bàbá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkọ kú, ìyàwó fẹ́ di onílẹ̀.”

“Wàláì, kò rí bẹ́ẹ̀,” Mùjíbátù wí. “Ẹ bi Ìyá Leah. Wọ́n mọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn á sọ fún yín.”

Gbogbo wọn yíjú sí Mojí. Alhaji Roheem kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó hàn lójú wọn pé ọ̀nà tí wọn yóò gbà tú ọ̀rọ̀ náà ká ni wọ́n ń wá.

“Mojí, ọmọ wa ni ẹ́. Bí o bá ní ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n gbìn ín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A ó hú u, mo gba iṣu mi, obìnrin yìí á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹbí lo jẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ọ́ ṣe. Ṣé ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n gbìn ín?”

Kò sí ohun tó rọrùn tó o láti sọ. Kó ṣáà ti ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Bóyá wọn á bá a wí díẹ̀, bóyá Ammar á yọ ṣùtì sí i. Mojí gbé ojú sókè láti sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Leah. Ọmọ náà ti fi orí ti èjìká Mùjíbátù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń fi orí ti ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

“Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan, Bàbá,” Mojí wí. “Oko Dókítà ni mò ń mójú tó. Ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilé wọn, mi ò mọ̀ sí i.”

“Mọ́mì!” Leah dìde. “Ẹ̀yin lẹ ní ká lọ gbìn ín! Ẹ ní kò sí wàhálà! Bọ̀dá Sanmí náà gbọ́!”

Bọ̀dá Sanmí ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ̀, ó ti padà sí Èkó.

“Ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà,” Alhaji wí. “Mojí, mú ọmọ rẹ.”

Mojí na ọwọ́. Leah wo ọwọ́ náà, ó sì lọ dúró sẹ́yìn Mùjíbátù. Mùjíbátù kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo Mojí, ó ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

“Igi tí a fojú rénà ní í gún ni lójú,” Alhaji wí níkẹyìn. Ó jọ pé ó dùn wọ́n. “Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí o ti wá ibòmíràn.”

Mùjíbátù bẹ Mojí pé kó bá òun pe Dókítà, ó sì pè é níwájú rẹ̀. Dókítà ní ó dun òun gan-an. Ó ní obìnrin tó ṣeé mú yangàn ni. Ṣùgbọ́n kí Mojí má jẹ́ kí orúkọ oko àwọn wọ ọ̀rọ̀ ẹbí o, nítorí òun fẹ́ lọ tún ìwé àdéhùn òun ṣe lọ́dọ̀ àwọn Alhaji kan náà, kí Mojí sì tètè wá ẹlòmíràn tó lè dáná. Láti ibi tí Mojí dúró sí tó fi ń gbọ́ ọ, ó ń rí gbogbo ọsàn apá ìsàlẹ̀ oko, ìlà lórí ìlà, pẹ̀lú orúkọ ọmọ olówó lára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí onílẹ̀ kankan tó bínú sí ìwọ̀nyẹn. Wọ́n ní ìwé.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí Mùjíbátù kó lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá yọ̀ǹda ara wọn lọ́dún náà ń kọ ebè nítòsí. Wọ́n wá bá a di ẹrù sínú mótò akẹ́rù, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n rò pé ilé tuntun ló ń kó lọ. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò tíì tó hú. Olódò ló kó lọ, sínú yàrá kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Kò pẹ́ tí ẹnìkan tó ti ibẹ̀ bọ̀ fi ròyìn pé Kifayah kò lọ sílé-ìwé mọ́, ó ń kiri omi ọlọ́ràá létí títì.

Ẹnikẹ́ni kò hú àwọn ọsàn náà. Ammar wó ilé, ó gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì, bó bá sì mú oníbàárà wá, ìdí ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ mú un lọ. “Ẹ wò ó,” á ní. “Ilẹ̀ tó lọ́ràá ni. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbin igi.”

Mojí ní ohun tó fẹ́. Leah kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Tí ó bá ti ilé-ìwé dé, ilé ló ń wọlé sí. Ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún un, ó ń fọ àwo rẹ̀, ó ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ sí Mọ́níyà lọ dirí, ó jókòó jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, onídìrí ní òun kò rí ọmọ tó ní sùúrù bẹ́ẹ̀ rí. Mojí ra gúgúrú fún un. Ó dúpẹ́, ó sì gbé e lé itan títí tí wọ́n fi délé.

Òjò àkọ́rọ̀ tún rọ̀. Mojí kò tíì rí alásè tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ jí, ó lọ ẹ̀wà, ó dín àkàrà, ó sì pinnu pé lọ́dún yìí òun á jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bọ́ọ̀sì dé láti ilé-ìwé mìíràn, àwọn òbí kan tẹ̀lé e wá. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rùqáyyàh, tó ń ṣe ọ̀yàyà sí gbogbo ènìyàn, lọ jókòó ti Leah.

“Mọ́mì mi nìyẹn, àwọn tí wọ́n wọ awò ojú yẹn. Ìyá tìẹ ńkọ́?”

Ẹ̀yìn wọn gan-an ni Mojí wà, ó gbé àwo àkàrà dání. Leah yíjú, ó rí i.

“Wọ́n lé wọn kúrò níbí,” ó dá Rùqáyyàh lóhùn. “Olódò ni wọ́n wà báyìí.”

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà lọ́wọ́ Mojí, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

“Ẹ ṣé, Àǹtí,” ó wí.